Ta Ló Yẹ Kó Bá Síkílídì Gbé?

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ kì í ṣe ẹja ọbẹ̀ o. Ẹja inú táńkì onígíláàsì ni, èyí tí à ń gbé sí pálọ̀ tàbí ọ́fíìsì kí ojú lè rí nǹkan wò.

Nínú gbogbo ẹja tí wọ́n ń tà fún irú táńkì bẹ́ẹ̀, ìdílé kan wà tí ẹwà rẹ̀ máa ń fa ojú mọ́ra, tí ìjà rẹ̀ sì máa ń lé oorun lójú ẹni tó rà á. Síkílídì ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Epìyà tí ẹ ń dín, síkílídì lòun náà. Mọ̀lẹ́bí epìyà ni àwọn tí mò ń wí yìí, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, àwọ̀ ara wọn sì mọ́ gaara: aró, ìyeyè, pupa, àwọn mìíràn ní ìlà dúdú láti ẹ̀yìn dé ikùn.

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn sábà máa ń béèrè ni pé, "Ẹja wo ni mo lè kó mọ́ wọn tí wọn ò ní pa á?" Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ ó yá jù. Èyí tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀ ni pé: omi wo ni síkílídì tó wà lọ́wọ́ yín ti ṣẹ̀ wá?

Ọ̀rọ̀ "Áfíríkà" tí wọ́n kọ sára táńkì ní ṣọ́ọ̀bù kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà, adágún ńlá mẹ́ta wà tí síkílídì pọ̀ sí lọ́nà ìyanu: Màláwì, Tanganyíkà àti Fikitóríà. Adágún Màláwì gùn tó nǹkan bí 580 kìlómítà. Oríṣi síkílídì tó wà nínú rẹ̀ lé ní 500, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò sì sí níbòmíràn láyé yìí. Tanganyíkà ní tirẹ̀ jìn ju 1,400 mítà lọ. Omi adágún méjèèjì yìí le. Omi líle ni èyí tí ọṣẹ kì í fẹ́ hó nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan sí, wọ̀n ọ́n, ti Màláwì máa ń wà láàárín 7.8 sí 8.6, ti Tanganyíkà a máa tó 9.

Lápá ọ̀dọ̀ tiwa níbí, àwọn síkílídì mìíràn ń gbé inú odò àti ìṣàn omi inú igbó, láti gúúsù Nàìjíríà dé etíkun Kamẹrúùnù. Omi tiwọn rọ̀. Ewé tó já sínú rẹ̀ tó sì jẹrà máa ń mú kó kan díẹ̀, pH rẹ̀ á sì bọ́ sísàlẹ̀ 7. Ẹja odò wa àti ẹja Màláwì, ọmọ Áfíríkà ni gbogbo wọn, àmọ́ omi tó gba ọ̀kan kò gba ìkejì. Ẹni tó bá kó wọn pọ̀ ti ń fìyà jẹ ọ̀kan kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Nítorí náà, ẹ mọ omi ilé yín kí ẹ tó mọ ẹja. Omi tí ọ̀pọ̀ kànga àti bọ́ọ̀hólù ń fà ní Èkó àti ìhà Ìjẹ̀bú, inú iyanrìn ló ti ń wá. Ó rọ̀, ó sì sábà máa ń kan. Ẹja Màláwì kò lè gbádùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n ṣá. Ìkarahun tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́, èyí tí àwọn tó ń sin adìyẹ máa ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ tó ń yé, ẹ rà á, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, ẹ dì í sínú àpò àwọ̀n kékeré, kí ẹ sì fi í sínú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi. Òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe bí ẹ bá tò ó sínú táńkì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ́, omi á sì máa le sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa láti Lọ́ńdọ̀nù kò nílò wàhálà yìí: ẹfun funfun tó ń dì sí ìdí kẹ́tùlù yín ti fi hàn pé omi ẹ̀rọ yín le, ẹja Màláwì sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ti Manchester kọ́ o. Orí òkè níhà àríwá ni wọ́n ti ń fa omi tiwọn wá, ó sì rọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìjà, èyí tó mú yín tẹ́tí gan-an.

Nídìí àwọn àpáta inú Adágún Màláwì, àwọn ẹja kan wà tí àwọn apẹja ibẹ̀ ń pè ní mbuna. Àwọn ni ẹ máa bá pàdé jù ní ṣọ́ọ̀bù. Àpáta ni ilé wọn, òun náà ni oko wọn. Ewédò wẹ́wẹ́ tó ń mú kí òkúta yọ̀ ni wọ́n ń họ jẹ. Akọ kọ̀ọ̀kan á gba ihò kan pẹ̀lú ìwọ̀nba àpáta tó yí i ká, ẹnikẹ́ni tó bá yà síbẹ̀, ó di lílé. Nínú adágún, ẹja tí wọ́n lé á sá lọ, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Nínú táńkì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ńkọ́? Gíláàsì ló máa fi orí sọ. Èyí tó ń lé e kò mọ̀ pé kò ríbi sá sí ni. Lójú tirẹ̀, àlejò ń ṣagídí. Á tún padà lọ bá a, á tún padà lọ, títí lẹbẹ á fi ya, tí ìpẹ́ á fi bó, tí ẹ ó fi jí láàárọ̀ bá òkú lórí omi.

Mo máa ń fi táńkì wé ilé àjùmọ̀gbé, tí àwọn ayálégbé ti ń jà nítorí ilẹ̀, oúnjẹ àti obìnrin. Ẹni tó bá fẹ́ kí ilé náà tòrò, kó wá àwọn ayálégbé tí ohun tí wọ́n ń wá yàtọ̀ síra. Èyí tó fẹ́ràn ihò àpáta, kí ẹ má kó èyí tó fẹ́ràn ihò kan náà wá bá a. Akọ mbuna kì í sì í bá gbogbo ẹja jà bákan náà. Ẹni tó jọ ọ́ ló ń ṣọ́. Bí àwọ̀ wọn bá bára mu, tí ìlà ara wọn bára mu, ó ti gbà pé ẹni tó fẹ́ gba ihò òun àti àwọn abo òun ló dé. Bí ẹ bá ti ní aláwọ̀ aró onílà dúdú kan, ẹ jẹ́ kí ìkejì jẹ́ ìyeyè, kí ẹ̀kẹta ní àwọ̀ ilẹ̀. Ọgbọ́n kan tún wà níbẹ̀. Abo tí kò bá rí akọ tó jẹ́ ti ìran rẹ̀ lè gbà fún èyí tó jọ ọ́, àwọn ọmọ wọn á sì di àmúlùmálà tí ẹnì kan ò ní lè fi orúkọ gidi pè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ojú nìkan ra ẹja, ẹ gbọ́ ti Melanochromis auratus. Ní kékeré, ìyeyè ni, ìlà dúdú àti funfun sì gba ara rẹ̀ kọjá láti orí dé ìrù. Kò sí ọmọdé tí kò ní na ìka sí i. Bí akọ rẹ̀ bá dàgbà, ìyeyè náà á ṣí lọ, ara rẹ̀ á dúdú, á sì di ẹhànnà tó ń lé gbogbo táńkì kiri. Maylandia lombardoi náà ò gbẹ̀yìn: abo rẹ̀ ló ní àwọ̀ aró, akọ rẹ̀ ló ń di ìyeyè, tọkùnrin tobìnrin wọn ló sì mọ ìjà jà. Ìwà lẹwà, àwọn àgbà ti wí i. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má sìn wọ́n o. Ẹni tó bá fẹ́ wọn, kó fi wọ́n sí táńkì tó tóbi láàárín àwọn tó lè dá a padà fún wọn, kó má fi ẹja jẹ́jẹ́ tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó wá máa sunkún.

Bí ẹ bá ní kí n mú ayálégbé fún yín, Labidochromis caeruleus ni mo máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ìyeyè ni láti imú dé ìrù, pẹ̀lú ìlà dúdú kan lórí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10 sẹ̀ǹtímítà bó bá dàgbà, kì í sì í fi agídí dá ilẹ̀ ní bíi ti àwọn ìbátan rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ tó ń sìn ín ò mọ̀ ni pé nínú adágún, ìyeyè yẹn ṣọ̀wọ́n. Apá kékeré kan létí adágún níhà ìwọ̀-oòrùn, ní agbègbè ibi tí wọ́n ń pè ní Lion's Cove, ló ti wá. Ní ibi púpọ̀ mìíràn, ẹja funfun ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo Iodotropheus sprengerae, aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń tàn bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí i lára. Kì í ta ojú èèyàn jí ní ṣọ́ọ̀bù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fojú fò ó, àmọ́ oníwà pẹ̀lẹ́ ni láàárín àwọn mbuna. Ẹ̀kẹta ni Chindongo saulosi. Ẹja kékeré ni, abo rẹ̀ ìyeyè, akọ rẹ̀ aró onílà dúdú, ẹni tó bá sì rí wọn pa pọ̀ á rò pé oríṣi méjì ni. Nínú gbogbo adágún ńlá yẹn, àpáta abẹ́ omi kan ṣoṣo nítòsí erékùṣù Chizumulu ni ilé rẹ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀ nítorí pípa. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ béèrè èyí tí wọ́n bí nínú táńkì.

Ti obìnrin wá ńkọ́? Akọ kan, abo mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Abo mbuna a máa kó ẹyin sẹ́nu, á sì gbé e bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìjẹun tó bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ akọ kan sí abo kan ni, akọ kò ní jẹ́ kó simi, ẹnu rẹ̀ kún, ara rẹ̀ sì ti rẹ̀. Bí abo bá pọ̀, ìyọlẹ́nu á pín. Ìlànà pípín yìí kan náà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ Chindongo demasoni, ẹja aró kékeré tó ń bínú sí ẹni tó bá jọ ọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ará ilé rẹ̀ ló jọ ọ́ jù. Ẹ ra mẹ́rin, ẹ ó bá ọ̀kan nígbẹ̀yìn. Ẹ ra 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀gá wọn ò ní rí ẹni kan ṣoṣo dojú kọ.

Láti ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn kan ti wá tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin mbuna lókè òkun: pé kí ẹ kún táńkì dáadáa, 15 sí 20 ẹja nínú 200 lítà omi, kí ìjà má bàa rójú ẹnì kan. Níbi tí iná mànàmáná kì í ti í lọ, ó ń ṣiṣẹ́. Èmi ò gbà á wọlé fún ẹni tó ń gbé níbi tí àwọn oníná mànàmáná ti ń mú iná nígbà tó bá wù wọ́n. Ìgbẹ́ ẹja ń di amóníà nínú omi, májèlé sì ni. Nínú omi tí pH rẹ̀ ga, bíi ti Màláwì, oró amóníà yẹn ń pọ̀ ju bó ṣe máa ń rí nínú omi tó kan lọ, bí omi bá sì ṣe ń gbóná sí i ló ń burú sí i. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ló ń bá wa pa májèlé náà rẹ́. Bí iná bá lọ, tí omi ò ṣàn gba inú ẹ̀rọ náà kọjá mọ́ fún wákàtí bíi mélòó kan, atẹ́gùn á wọ́n àwọn kòkòrò yẹn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ní àkókò kan náà, ẹja 20 ń jìjàdù fún ìwọ̀nba atẹ́gùn tó kù nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìjà tí ẹ ń sá fún ti di ohun ẹ̀rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ohun tí mo máa ṣe ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo ni pé màá mú oríṣi kan ṣoṣo tí kì í jà púpọ̀. Saulosi 10, akọ méjì nínú wọn, nínú 200 lítà, òkúta tó pọ̀ tó kún ìdajì táńkì, pọ́ńpù atẹ́gùn tó ń lo bátìrì ní ìmúrasílẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ nǹkan bí ìdá mẹ́ta omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọ̀ méjì lẹ ó máa rí, ẹ ó sì sùn.

Ìjà oúnjẹ ní tirẹ̀ kò ní ariwo, òun ló sì ń pa ẹja tí wọ́n á ní àìsàn ló pa á. Ewédò ni wọ́n dá ìfun mbuna fún; ó gùn, oúnjẹ sì ń pẹ́ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń fún un ní ọkàn màlúù tàbí ìdin pupa nígbà gbogbo nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ ń jẹ ẹran, ikùn rẹ̀ á wú, ìgbẹ́ rẹ̀ á funfun tẹ́ẹ́rẹ́, á kọ oúnjẹ, á sì kú. Tropheus ti Adágún Tanganyíkà burú ju mbuna lọ ní ti èyí. Ẹ ò lè bu oúnjẹ sínú táńkì kí ẹ sọ fún ẹja kan pé àwo yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Ajewédò kó máa bá ajewédò gbé, ajẹran kó máa bá ajẹran. Labidochromis tí mo yìn níṣàájú ń jẹ kòkòrò nínú adágún, àmọ́ oúnjẹ mbuna tí wọ́n fi ewédò spirulina ṣe bá a lára mu, kò sì ṣe é ní nǹkan kan.

Ẹlẹ́nu ńlá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Nimbochromis livingstonii, nítorí ó dùn ún sọ. Ẹja Màláwì lòun náà, a máa tó 25 sẹ̀ǹtímítà, ara rẹ̀ funfun pẹ̀lú àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ kiri. Bí ebi bá ń pa á, á dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, á fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, kò ní mira. Àbàwọ́n ara rẹ̀ á mú kó jọ òkú tó ti ń jẹrà. Ẹja wẹ́wẹ́ á wá, wọ́n á rò pé àwọn ti rí ẹran ọ̀fẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ wò. Ìgbà yẹn ni òkú á la ẹnu. Ní ṣọ́ọ̀bù, kò ju 5 sẹ̀ǹtímítà lọ, ojú rẹ̀ sì dá. Gbogbo ẹja tó bá lè wọ ẹnu rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má kó o mọ́ ọn lónìí. Aládùúgbò rẹ̀ ni àwọn ẹja ńlá Màláwì tí kì í gbé inú àpáta, nínú táńkì tí kò kéré sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà.

Àwọn Aulonocara, tí akọ wọn ń kó àwọ̀ aró, pupa àti ìyeyè sára lẹ́ẹ̀kan náà, orí iyanrìn ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ, ara wọn sì tutù. Mbuna alágídí á fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn abo wọn kò yàtọ̀ síra rárá, eérú ni gbogbo wọn, kódà ẹni tó ń tà wọ́n lè má mọ ti èwo ni èwo. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń kó akọ nìkan jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú oríṣi kọ̀ọ̀kan, láìsí abo kankan nínú táńkì. Níbi tí kò ti sí obìnrin, ìdí ìjà ti dín kan.

Ẹ jẹ́ kí n tètè kọjá lórí àwọn tí kì í ṣe síkílídì Áfíríkà, torí "rárá" ni ìdáhùn ọ̀pọ̀ wọn. Goldfish? Rárá, omi tútù ni tirẹ̀, ìrù gbọọrọ yẹn sì ni mbuna máa kọ́kọ́ ya. Guppy? Oúnjẹ ni. Angelfish àti Oscar? Síkílídì ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, omi tó rọ̀ ni tiwọn, Oscar sì máa ń tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ohun tó bá rí ló ń gbé mì.

Àyàfi ìbátan ẹja àrọ̀ tí wọ́n ń pè ní Synodontis. Ẹ̀gún wà lẹ́bàá orí rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, awọ rẹ̀ yi, òru ló sì ń jẹun, nígbà tí síkílídì ń sùn. Kò wá ilẹ̀ ẹnì kankan. Synodontis petricola láti Tanganyíkà kéré, ó sì bá omi líle mu. Èyí tó ní ìtàn ni Synodontis multipunctatus, ọmọ adágún kan náà, tó kún fún àmì dúdú tóótòòtó. Bí síkílídì tó ń gbé ẹyin sẹ́nu bá ń yé lọ́wọ́, takọtabo ẹja àrọ̀ yìí á já wọ àárín wọn, wọ́n á yé ẹyin tiwọn síbẹ̀, ìyá síkílídì á sì fi ìkánjú kó gbogbo rẹ̀ sẹ́nu. Ẹyin àlejò ló máa kọ́kọ́ pa. Àwọn ọmọ rẹ̀ á wá jẹ àwọn ọmọ onílé tán nínú ẹnu ìyá wọn, òun á sì máa gbé wọn kiri, kò mọ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ lòun ń tọ́. Tetsu Sato, onímọ̀ ará Jàpáànù, ló gbé ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 1986. Wọ́n ń ṣe é nínú táńkì ilé náà, àní sí síkílídì Màláwì tí kò bá wọn pàdé rí látijọ́. Ẹni tó fẹ́ máa bí ọmọ síkílídì tà, kó yẹra fún un. Ẹni tó fẹ́ wòran, ìran rèé.

Mo gbọ́dọ̀ dárúkọ Neolamprologus multifasciatus fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ kò ní àyè. Ẹja Tanganyíkà ni, kò tó 5 sẹ̀ǹtímítà, inú ìkarahun ìgbín òfìfo ló ń gbé. Táńkì 60 lítà, iyanrìn, ìkarahun ìgbín kékeré bíi 20, ìdílé kan á tẹ̀dó síbẹ̀. Ẹ má wá aládùúgbò fún un rárá.

Bí ẹ bá wá fẹ́ fi ẹja tuntun kún ti àtijọ́, ẹ má kàn dà á sínú omi. Ẹ kọ́kọ́ tú àwọn òkúta ká, kí ẹ tún wọn tò lọ́nà mìíràn. Ààlà gbogbo wọn á bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Onílé àti àlejò á jọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ihò. Ẹ fún àwọn ti àtijọ́ lóúnjẹ, ẹ pa iná táńkì, kí ẹ tó tú àlejò sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wo igun òkè táńkì. Ẹja tó bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, tí kò sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun, wọ́n ti lé e dé òpin ilẹ̀ nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an sínú táńkì mìíràn. Bí ẹ bá ní kó di ọ̀la, ẹ ó yọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò ní sí ẹ̀mí nínú rẹ̀.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ bọ̀, ti òkèèrè ni. Bẹ́ẹ̀ gúúsù Nàìjíríà níbí ni Pelvicachromis pulcher ti wá, òun àti etíkun Kamẹrúùnù. Krib ni àwọn tó ń sin ẹja káàkiri àgbáyé ń pè é. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tó ń gbé lórí omi rírọ̀ Ìjẹ̀bú á fi ọdún gbáko bá ìkarahun àti òkúta ẹfun jìjàkadì nítorí ẹja Màláwì, tí ẹja tí omi kànga rẹ̀ yẹ wà nítòsí. Abo ló lẹ́wà ju akọ lọ: bó bá fẹ́ yé ẹyin, ikùn rẹ̀ á pọ́n wẹ̀ẹ̀, òun ló sì máa ń lọ ká ikùn náà níwájú akọ. Táńkì 100 lítà tó fún tọkọtaya kan. Ẹ já ewé fúrúùtù gbígbẹ bíi mẹ́ta sínú rẹ̀, omi á pọ́n díẹ̀, á sì kan díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó kan jù bí ẹ bá fẹ́ abo nínú àwọn ọmọ, torí nínú omi tó kan púpọ̀, akọ ló máa ń pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n bá bí. Fún ihò wọn, ẹ dojú ìdajì èèpo àgbọn líle dé orí iyanrìn, kí ẹ dá ẹnu ọ̀nà kékeré sí i.

Ìsàlẹ̀ omi ni krib ń gbé, nítorí náà òkè ni kí ẹ ti wá aládùúgbò fún un. Fundulopanchax gardneri, ẹja kékeré alámì pupa tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀, dára, àmọ́ ẹ bo orí táńkì torí ó mọ fífò. Bí táńkì bá gùn, ọ̀wọ́ Phenacogrammus interruptus láti Kóńgò lè wà ní àárín omi. Pantodon buchholzi, tí lẹbẹ rẹ̀ fẹ̀ bí ìyẹ́ labalábá, a máa léfòó lójú omi, kò sì kan krib, àmọ́ ẹja wẹ́wẹ́ tó bá gòkè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti lọ. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ gardneri. Àwọn Hemichromis tó pọ́n bí iná, odò wa náà ni wọ́n ti wá. Omi wọn bára mu, ìwà wọn kò bára mu. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níta.

Bí abo krib bá ti wọ inú èèpo àgbọn tí kò jáde fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ má ṣí i wò. Ìyá àti bàbá ló jọ ń ṣọ́ ọmọ, wọ́n á sì kó wọn jáde ní ọ̀wọ́ bó bá di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ẹyin bá pa. Láti ọjọ́ yẹn, ẹja yòówù tó bá ń gbé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú wọn, títí kan Synodontis kékeré tí ẹ rò pé kò ṣe nǹkan kan, ẹ yọ ọ́ kúrò fún oṣù kan. Òun lè wá jẹ ọmọ lóru, àwọn òbí náà kò sì ní jẹ́ kó rójú lọ́sàn-án.